Ìdìbò Ilé Aṣòfin Yúróòpù ní Áyálándì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Ẹkùn Midlands–North-West

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá nígbàkigbà tí ìdìbò Yúróòpù bá ti sún mọ́lé. A kó wọn jọ síbí fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Áyálándì, pàápàá àwọn tó wà ní ẹkùn Midlands–North-West. Ìdìbò ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2024 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ la fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni iṣẹ́ Ilé Aṣòfin Yúróòpù gan-an?

Ilé aṣòfin ni fún orílẹ̀-èdè 27 tó para pọ̀ di Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU. Aṣòfin 720 ni wọ́n yàn síbẹ̀ ní 2024, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń yàn wọ́n. Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé ni ojúkò wọn, àmọ́ Brussels ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ti ń wáyé. Kó tó di 1979, ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹni tí yóò lọ; ọdún yẹn ni aráàlú fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò.

Ilé yìí àti ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè ló ń jọ ṣe òfin EU. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò kàn yín. Owó gbà-má-bínú tí ẹ lè béèrè nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá fi yín sílẹ̀ sí pápákọ̀ láti ibẹ̀ ló ti wá. Òfin tó jẹ́ kí fóònù Áyálándì máa ṣiṣẹ́ ní Spéènì láìsí àfikún owó, ibẹ̀ náà ni. Ilé náà ló tún ń fọwọ́ sí ìṣúná EU, òun ló sì ń dìbò lórí ẹni tí yóò jẹ́ Ààrẹ Kọmíṣọ̀n Yúróòpù.

Ìjókòó mélòó ni Áyálándì ní, ta ló sì ń pín in?

Mẹ́rìnlá ni láti 2024. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè EU ló ń fẹnu kò lórí iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ní, Ilé Aṣòfin náà á sì fọwọ́ sí i. Jámánì tó pọ̀ jù lọ ní 96; Malta, Luxembourg àti Cyprus ní mẹ́fà mẹ́fà. Ìlànà náà mọ̀ọ́mọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ní ìjókòó tó pọ̀ ju iye èèyàn wọn lọ, kí ohùn wọn má bàa sọnù.

Nínú Áyálándì, àjọ elétò ìdìbò tó ń jẹ́ An Coimisiún Toghcháin ló ń dámọ̀ràn bí wọn yóò ṣe pín in, ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè á sì sọ ọ́ di òfin. Ẹkùn mẹ́ta ló wà: Dublin ní mẹ́rin, South ní márùn-ún, Midlands–North-West náà ní márùn-ún.

Káúntì wo ló wà nínú ẹkùn Midlands–North-West?

Cavan, Donegal, Galway pẹ̀lú ìlú Galway, Kildare, Laois, Leitrim, Longford, Louth, Mayo, Meath, Monaghan, Offaly, Roscommon, Sligo àti Westmeath. Bí ẹ bá ń gbé ní Naas, ní Drogheda, ní Letterkenny tàbí ní Athlone ní apá Westmeath, ibí ni ẹkùn yín.

Ààlà máa ń yí o. Ní 2019, ẹkùn South ni Laois àti Offaly ti dìbò. Wọ́n dá wọn padà ní 2024, ìdí nìyẹn tí ìjókòó ibí fi di márùn-ún láti orí mẹ́rin.

Stamp 4, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ní Áyálándì, ni mo ní, mi ò tíì gba ìwé ọmọ-ìlú. Ṣé mo lè dìbò?

Ẹ kò lè dìbò sí Ilé Aṣòfin Yúróòpù. Ọmọ Áyálándì àti ọmọ orílẹ̀-èdè EU mìíràn tó ń gbé ní Áyálándì, tó ti pé ọdún 18, ni òfin fún láyè. Ṣùgbọ́n ẹ lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ yẹn, orílẹ̀-èdè yòówù kó ti wá.

Ní 2024, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìdìbò méjèèjì. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi gba ìwé ìdìbò kan ṣoṣo nígbà tí ẹni tó wà níwájú wọn gba méjì. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò rẹ́ yín jẹ. Ohun tí ìwé orúkọ olùdìbò sọ ló tẹ̀ lé. Ẹ lo ti ìbílẹ̀ yẹn dáadáa, ẹ má torí pé wọn kò fún yín ní èkejì jókòó sílé.

Páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo mú wá sí Áyálándì ńkọ́?

Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú EU, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dìbò Yúróòpù mọ́. Ẹ ṣì lè dìbò sí Dáil, ìyẹn ilé aṣòfin Áyálándì, àti sí ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tó ti ń dìbò Yúróòpù níbí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá lójijì. Bí ẹ bá ní páásípọ́ọ̀tù Áyálándì pọ̀ mọ́ ọn, ẹ rí i dájú pé ọmọ Áyálándì ni wọ́n kọ yín sí.

Mo ti di ọmọ Áyálándì. Ṣé orúkọ mi á yí fúnra rẹ̀?

Kò ní yí. Kò sí ẹni tó ń mú orúkọ yín láti ibi ayẹyẹ ìbúra lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ olùdìbò. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Ẹ lọ sí checktheregister.ie pẹ̀lú nọ́ńbà PPS, ọjọ́ ìbí àti Eircode yín, kí ẹ sì tún ìwé ọmọ-ìlú yín ṣe níbẹ̀. Bí lẹ́tà L bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, ìbò ìbílẹ̀ nìkan ni wọn yóò fún yín.

Ẹ má dúró dìgbà tí àwòrán olùdíje bá ti kún ojú òpó iná. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìdìbò ni ilẹ̀kùn ń tì; ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2024, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tì í. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ máa bẹ òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ náà tó lè mú orúkọ wọlé.

Ọmọ Jámánì ni ìyàwó mi. Ṣé ó lè dìbò níbí, kó tún dìbò ní ti wọn?

Ọ̀kan ni. Ó lè fi orúkọ sílẹ̀ níbí, kó sì yan àwọn aṣòfin Midlands–North-West. Nígbà àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìjẹ́rìí pé òun kò ní dìbò kan náà sí Jámánì. Ẹni tó bá dì í níbi méjì ti rú òfin.

Ta ló lè díje?

Ọmọ Áyálándì, tàbí ọmọ EU tó ń gbé níbẹ̀, tó ti pé ọdún 21. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú kò fà kalẹ̀ lè san €1,800 tàbí kó gba ìfọwọ́sí olùdìbò 60. Owó náà á padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí ìbò rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin kóòtà lọ (kóòtà ni iye ìbò tó ń mú èèyàn wọlé; a ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀). €230,000 ni òpin ohun tí olùdíje kan lè ná ní 2024.

Olùdíje kò níláti máa gbé ní ẹkùn tó ti ń díje. Regina Doherty ti ṣojú Meath East rí ní Dáil, Dublin ló sì ti wọlé sí Ilé Aṣòfin Yúróòpù ní 2024.

Báwo ni mo ṣe máa kọ ìwé ìdìbò náà?

Nọ́ńbà lẹ máa kọ. Ẹ kọ 1 sí ẹni tí ẹ fẹ́ jù, 2 sí ẹni tó tẹ̀ lé e, 3, 4, títí lọ. Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń to àwọn olùdíje ní a-b-d, àwòrán wọn àti àmì ẹgbẹ́ wọn sì wà níbẹ̀.

Ní Midlands–North-West ní 2024, olùdíje 27 ló wà lórí ìwé kan ṣoṣo, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ wo orúkọ wọn nílé kí ẹ tó lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á nínú àgọ́ máa ń há sọ́wọ́ àwọn tó wà lókè, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ èèyàn kò sọ ohun tó lè ṣe.

Bí mo bá fún ẹlòmíràn ní 2, ṣé kò ní pa ẹni tí mo fún ní 1 lára?

Kò lè pa á lára. Ìbéèrè yìí la ń gbọ́ jù, ìbẹ̀rù yìí ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ 1 péré kí wọ́n sì ju ìwé sínú àpótí. Ìbò kan ṣoṣo lẹ ní. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ kọ 1 sí ló máa wà títí ọ̀rọ̀ ẹni náà yóò fi parí, yálà ó ti wọlé tí ìbò rẹ̀ sì ṣẹ́ kù, tàbí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n máa tó wo ẹni tí ẹ kọ 2 sí. Ẹ rò ó bí ẹni rán ọmọ lọ sọ́jà pé kó ra ẹran, bí ẹran bá ti tán kó ra ẹja. Ẹja tí ẹ dárúkọ kò ní kó má ra ẹran.

Ohun tó ń dunni ni ìwé tó kú sójú ọ̀nà. Olùdíje 27, ìjókòó márùn-ún: èèyàn 22 máa já kulẹ̀. Bí ẹni tí ẹ kọ 1 sí bá wà lára àwọn 22 yẹn, tí kò sí 2 lórí ìwé yín, wọ́n á gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìjà ìjókòó kẹrin àti ìkarùn-ún á wá máa lọ láàárín àwọn mìíràn, ẹ̀yin ò sì ní sí níbẹ̀.

Torí náà, ẹ máa kọ nọ́ńbà lọ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni kan àti ẹni kejì. Ní 2024, àwọn olùdíje kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn àjèjì ni wọ́n fi polongo. Ẹni tí ẹ kò bá fẹ́ rárá, ẹ má kọ nọ́ńbà kankan sí i, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí gbogbo àwọn yòókù. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìwé kan ṣoṣo fi lè dènà rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Kí ni kóòtà?

Iye ìbò tó ń mú èèyàn wọlé láìsí àríyànjiyàn ni. Wọ́n á kó gbogbo ìbò tó péye jọ, wọ́n á fi iye ìjókòó pẹ̀lú ọ̀kan pín in, wọ́n á sì fi ọ̀kan lé e. Ká ní ìbò 600,000 ló péye ní ẹkùn oníjòókòó márùn-ún: ẹ pín in sí mẹ́fà, ó di 100,000, ẹ fi ọ̀kan lé e, kóòtà di 100,001. Èèyàn márùn-ún lè ní iye yẹn, ẹni kẹfà kò lè ní in láé.

Ní 2024, Seán Kelly kọjá kóòtà ní ìkà àkọ́kọ́ ní South. Ní Midlands–North-West, kò sí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀ ní ìkà àkọ́kọ́, àfi ìgbà tí ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Báwo ni ìbò ṣe ń ṣí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn?

Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá kọjá kóòtà, ìbò tó lé kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Bó bá jẹ́ ìkà àkọ́kọ́ ló wọlé, wọ́n á wo ipò kejì lórí gbogbo ìwé rẹ̀, wọ́n á sì pín iye tó lé ní ìbámu pẹ̀lú bí ipò kejì wọ̀nyẹn ṣe lọ. Bó bá jẹ́ ìkà kan lẹ́yìn náà ló wọlé, ìdì ìwé tó wọlé sí i kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ èyí, ó sì lè yí àbájáde padà.

Èkejì, bí kò bá sí ìbò tó lé tí wọ́n lè pín mọ́, wọ́n á yọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìwé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé náà tó ṣì wà nínú ìdíje. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é títí ìjókòó yóò fi tán. Bí àwọn tó kù bá ti bá ìjókòó tó kù dọ́gba, wọ́n á kéde wọn bí wọn kò tilẹ̀ dé kóòtà.

Ẹkùn South ní 2014 ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Brian Crowley ti Fianna Fáil kó ìbò àkọ́kọ́ tó lé ní 180,000, ó ju kóòtà lọ dáadáa. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ìjókòó kejì, nítorí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kọ 1 sí i kò kọ 2 sí ẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ kejì. Lápá Fine Gael, Simon Harris, tó di olórí ìjọba ní 2024, ní ìbò àkọ́kọ́ ju Deirdre Clune ti ẹgbẹ́ kan náà lọ. Clune ló wọlé. Ìbò tó ń ṣí ló gbé e kọjá.

Irú ìwé wo ni wọn kì í kà?

Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ ibùdó ìdìbò, ìwé tí ẹ kọ orúkọ yín sí, ìwé tí 1 méjì wà lórí rẹ̀, àti èyí tí ẹ kò kọ nǹkan sí. Ẹ wò ó dáadáa pé òṣìṣẹ́ lu òǹtẹ̀ sí tiyín kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá kọ 1, 2, ẹ wá fò lọ sí 4, kò bàjẹ́. 1 àti 2 ṣì ní agbára, wọ́n á dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 3 lẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, 1 àti 2 ṣì dúró.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ìdìbò méjì bá papọ̀ ni kí èèyàn kọ 1, 2, 3 sórí ìwé Yúróòpù, kó wá máa bá a lọ pẹ̀lú 4, 5, 6 lórí ìwé ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Áyálándì dá a ní 2015, lórí ẹjọ́ ìdìbò ìbílẹ̀ kan, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ipò àkọ́kọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á. Lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, láti orí 1 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí èsì Castlebar, níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò ẹkùn wa, fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀?

Wọn kì í kéde èsì kankan títí ìdìbò yóò fi parí ní gbogbo EU, ìyẹn alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka ìwé gígùn wọ̀nyẹn, káúntì 15 ló sì ń kó tiwọn wá. Ìkà kan gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ ìdìbò kí wọ́n tó kéde àwọn márààrún: Luke Flanagan, Barry Cowen, Nina Carberry, Maria Walsh àti Ciaran Mullooly.

Nínú márùn-ún yìí, èwo ni tèmi?

Gbogbo wọn. Wọn kò pín káúntì láàárín ara wọn lábẹ́ òfin. Ẹ lè kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tàbí sí márààrún, ẹ̀báà kọ 1 sí i ẹ̀báà máà kọ nǹkankan.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ wo ẹgbẹ́ àjọjókòó tó wà ní Strasbourg, nítorí ibẹ̀ ni agbára wà. Fine Gael wà nínú EPP, Fianna Fáil nínú Renew, Sinn Féin nínú The Left.

Ṣé aṣòfin Yúróòpù lè máa ṣe TD, ìyẹn aṣòfin Dáil, pọ̀ mọ́ ọn?

Rárá. Barry Cowen jẹ́ TD Laois–Offaly nígbà tó wọlé ní 2024. Ó fi ìjókòó Dáil sílẹ̀.

Bí aṣòfin bá kúrò kí ọdún márùn-ún tó pé, ṣé a máa tún dìbò?

A kì í tún un dì. Ṣáájú ìdìbò ni ẹgbẹ́ tàbí olùdíje ti ń fi orúkọ àwọn adípò sílẹ̀, ẹni tó wà lókè nínú orúkọ wọ̀nyẹn ló sì máa gba ìjókòó. Ẹkùn yìí rí i lẹ́ẹ̀mejì ní 2020: Matt Carthy wọ Dáil, Chris MacManus rọ́pò rẹ̀, Mairead McGuinness di kọmíṣọ́nà, Colm Markey wọlé. Ojú wa kò gba èyí tán, nítorí ẹni tí a kò rí lórí ìwé ìdìbò lè ṣojú wa fún ọdún mẹ́rin. Ẹ máa wo orúkọ adípò náà kí ẹ tó kọ 1.

Kí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n wọlé ní 2019 tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n jókòó?

Wọ́n ti fi ìjókòó méjì kún ti Áyálándì nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò dé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì lọ. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ní Dublin, Barry Andrews, àti ní South, Deirdre Clune, wá ní láti dúró títí ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2020 fi kọjá. Kò kan Midlands–North-West.

Derry ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ó sì ní páásípọ́ọ̀tù Áyálándì. Ṣé ó lè dìbò?

Kò lè dìbò, bí Donegal tilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ibi tí èèyàn ń gbé ni òfin Áyálándì ń wò. Láti 1979 títí di 2020, Àríwá Áyálándì ní ìjókòó mẹ́ta tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 1, 2, 3 kan náà sì ni wọ́n ń lò, nígbà tí àwọn yòókù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dìbò fún ẹgbẹ́ láti 1999. Gbogbo ìyẹn ti tán.

Ṣé báyìí ni wọ́n ń dìbò káàkiri EU?

Malta nìkan ló tún ń lo ìlànà yìí, ẹkùn kan ṣoṣo sì ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwọn yòókù ń lo àkójọ orúkọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ẹkùn kéékèèké rárá. Ítálì, Pólándì àti Bẹ́ljíọ̀mù wà lára àwọn tó ní. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ní aṣòfin kan tiwọn.

Ta ló lè ní kí wọ́n tún ìbò kà?

Olùdíje tàbí aṣojú rẹ̀ lè béèrè. Ó lè ní kí wọ́n tún ìkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wò, ó sì lè béèrè odindi àtúnkà, níbi tí wọ́n ti máa padà sórí gbogbo ìwé.

Ní South ní 2019, ìbò tó wà láàárín Grace O'Sullivan àti Liadh Ní Riada kò tó 400, lẹ́yìn ìwé tó lé ní 700,000. Ní Riada béèrè odindi àtúnkà, àwọn alákòóso sì sọ pé ó lè gba ọjọ́ 28. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ìwé náà, ìyàtọ̀ náà kò sì sún tó ohun tó lè yí èsì padà. Ní Riada fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá a dúró, O'Sullivan sì gba ìjókòó náà.